Ìjọba yí, ìwé àṣẹ yí: ìmọ̀ràn fún àwọn olùwádìí ọmọ wa ní Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba

Ọmọ Láàbù kọ:

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Láti ọdún tó kọjá ni ìbéèrè kan náà ti ń wọlé lóríṣiríṣi: "Físà mi ti kú, ṣé mo ti di arúfin?" "Ọ̀gá láàbù ní owó ti tán, ọjọ́ mélòó ló kù fún mi?" "Ṣé mo lè lọ sílé lọ sìnkú kí n sì padà?" Ìdáhùn fọ́n káàkiri, òmíràn sì ti gbó nítorí pé òfin ń yí bí ojú ọjọ́. Ẹ jẹ́ ká kó o jọ sójú kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ọ́físì àwọn àjèjì ní yunifásítì, ẹ̀yin lọ́yà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bójú tó owó ìwádìí, ẹ dákun, ọ̀rọ̀ tó dájú nìkan, pẹ̀lú ọjọ́ àti iye. Bí nǹkan ṣe rí ní ìbẹ̀rẹ̀ 2026 là ń sọ. Kí ẹni tó bá kà á lẹ́yìn ìgbà náà tún yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gbé ẹsẹ̀.

Àgbà Postdoc kọ:

Ẹ kú àpérò. Ibi tí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń yọ̀ ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Físà yàtọ̀ sí àṣẹ láti gbé ìlú. Físà ni ẹ fi ń wọ ẹnubodè. Tí ẹ bá ti wọlé tán, kò ní iṣẹ́ kankan mọ́ títí di ọjọ́ tí ẹ óò tún jáde. Ohun tó ń sọ bí ẹ ṣe máa pẹ́ tó nínú ilé ni I-94, tí àwọn òṣìṣẹ́ ẹnubodè ń gbé sórí ayélujára nígbà tí ẹ bá dé.

Láti ọjọ́ 8 oṣù Keje 2025, físà oṣù mẹ́ta, àwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ni Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ Nàìjíríà tó ń lọ kàwé tàbí ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó gbà á lóṣù Kẹjọ, físà rẹ̀ ti kú kí ọdún tó parí, bẹ́ẹ̀ PhD rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Kò di arúfin. I-20 (ìwé tí yunifásítì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì) tàbí DS-2019 (irú rẹ̀ fún ẹni tó wá fún ètò pàṣípààrọ̀) tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, I-94 rẹ̀, àti pé ó ń ṣe iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ tí ìwé náà sọ pé kó ṣe, àwọn wọ̀nyẹn ló gbé e dúró.

Ẹ ṣí i94.cbp.dhs.gov lónìí. Ẹ tẹ orúkọ, ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì wo ìlà tó sọ pé "Admit Until Date". Tí ẹ bá wà lórí F-1 (ti akẹ́kọ̀ọ́) tàbí J-1 (ti pàṣípààrọ̀), "D/S" ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ìyẹn ni pé bí ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ yín bá ṣe gùn tó lẹ lè dúró. Tó bá jẹ́ H-1B (ti òṣìṣẹ́ onímọ̀ pàtàkì) tàbí O-1 (ti ẹni tó ní ẹ̀bùn àrà ọ̀tọ̀), ọjọ́ gan-an ni ẹ óò rí. Ẹ fi ọjọ́ náà wé èyí tó wà lórí I-797 yín, ìwé tí ìjọba fi fọwọ́ sí ìbéèrè yín. Ibi tí ewu wà rèé: tí pásípọ́ọ̀tù yín bá máa kú ṣáájú I-797, òṣìṣẹ́ ẹnubodè lè gé I-94 mọ́ ọjọ́ tí pásípọ́ọ̀tù yóò kú. I-797 á sọ pé 2028, I-94 á sọ pé 2026, 2026 yẹn sì ni òfin mọ̀. Ọ̀pọ̀ kì í rí i títí ọjọ́ náà fi kọjá. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ sọ fún ọ́físì yunifásítì kí wọ́n béèrè ìfikún ọjọ́ kí ọjọ́ kúkúrú yẹn tó pé. Kí ẹ tó rìnrìn àjò kankan, ẹ tún pásípọ́ọ̀tù ṣe nígbà tó bá ku ọdún kan, kì í ṣe nígbà tó bá ku oṣù kan. Ẹni tí NIN rẹ̀ kò bá bá orúkọ inú pásípọ́ọ̀tù mu, kó lọ tún ìyẹn ṣe ná, torí ibẹ̀ ni ìdádúró ti ń wá.

Ọmọ Láàbù kọ:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tí físà rẹ̀ ti kú yìí wá ńkọ́, tó fẹ́ lọ sí àpérò ní Toronto tàbí kó lọ wo ìyá rẹ̀ ní Òṣogbo?

Akọ̀wé Ọ́físì Àwọn Àjèjì kọ:

Tó bá jẹ́ F-1 tàbí J-1, kó má lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà korò, pàápàá tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ òkú tàbí àìsàn òbí, ṣùgbọ́n irọ́ la máa pa tá a bá sọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Àṣẹ ààrẹ tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá 2025 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2026. Ó dá físà B (àbẹ̀wò), F àti M (ẹ̀kọ́), J (pàṣípààrọ̀) àti físà àwọn tó fẹ́ fi ibẹ̀ ṣelé dúró fún ọmọ Nàìjíríà àti ọmọ Bẹ̀nẹ̀. Àwọn ará Tógò ti wà lábẹ́ irú rẹ̀ láti ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà 2025. Àṣẹ náà mú ẹni tó wà lẹ́yìn odi lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ tí kò sì ní físà tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó wà nínú ilé lọ́jọ́ náà kò sí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde, kò dájú pé wọ́n á fún un ní físà tuntun.

Òfin àtijọ́ kan wà tó jẹ́ kí ẹni tí físà rẹ̀ ti kú lọ sí Kánádà tàbí Mẹ́síkò fún ọjọ́ 30 ó pẹ́ jù kó sì padà, tí I-94 rẹ̀ bá ṣì dára tí kò sì béèrè físà tuntun níbẹ̀. Nínú ìwé, kò tíì kú. Lásìkò yìí, ẹ má fi gbẹ́kẹ̀ lé e. Òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ní ẹnubodè ló máa pinnu, tó bá sì sọ pé rárá, ẹ lè má rí ibi tí ẹ ó ti gba físà mìíràn. Ẹ bẹ àwọn olùṣètò àpérò kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ láti orí ayélujára, tàbí kí alábàákọ̀wé yín gbé pósítà lọ.

Ti H-1B àti O-1 yàtọ̀. Wọn kò dá wọn dúró, ṣùgbọ́n wọ́n lè dín ọjọ́ físà náà kù. Láti ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án 2025, orílẹ̀-èdè yín tàbí ibi tí ẹ ń gbé ni wọ́n ní kẹ́ ẹ ti lọ jókòó fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Fún ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé Amẹ́ríkà, ìyẹn túmọ̀ sí Èkó tàbí Àbújá. Ọgbọ́n ká sáré lọ sí orílẹ̀-èdè kẹta lọ lẹ físà ti parí.

Ọmọ Kútọnu kọ:

Àwọn tó ní pásípọ́ọ̀tù méjì ńkọ́?

Akọ̀wé Ọ́físì Àwọn Àjèjì kọ:

Ìbéèrè dáadáa ni. Àṣẹ yẹn kò mú ẹni tó bá ń fi pásípọ́ọ̀tù orílẹ̀-èdè tí kò sí nínú rẹ̀ rìn. Ọmọ Nàìjíríà tó tún jẹ́ ọmọ Ìlú Ọba lè fi pásípọ́ọ̀tù Ìlú Ọba béèrè físà, kó sì fi wọlé. Ṣùgbọ́n nínú ilé, lọ́dọ̀ USCIS, àjọ tó ń yẹ ìbéèrè ìwé àṣẹ wò, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: ìlú tí wọ́n bí yín sí náà wà lára ohun tí wọ́n ń wò. Pásípọ́ọ̀tù kejì ṣí ẹnubodè, kò ṣí àpótí fáìlì.

Lọ́yà Ọ̀rọ̀ Ìwé Àṣẹ kọ:

Kí n tẹ̀ síwájú láti ibẹ̀, nítorí àpótí fáìlì yìí ló ń dun àwọn olùwádìí jù báyìí.

Ní oṣù Kejìlá 2025, USCIS kéde pé àwọn yóò so gbogbo ìwé ìbéèrè tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn fún ọmọ orílẹ̀-èdè 19. Nígbà tó di ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2026, wọ́n fi àwọn tó kù nínú àṣẹ tuntun náà kún un, Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ sì wà lára wọn. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni pé ẹ lè fi ìwé ránṣẹ́, wọ́n á gba owó, wọ́n á fún yín ní ìwé ẹ̀rí pé ó dé, ìdáhùn kò ní jáde. Owó tí ẹ san kí wọ́n lè yára kò tú ohun tí wọ́n so. Àwọn kan ń gbé USCIS lọ sílé ẹjọ́ àpapọ̀ kí adájọ́ fi ipá mú wọn dáhùn. Ọ̀nà tó tọ́ ni, àmọ́ ó gba owó àti lọ́yà gidi.

Nítorí náà, ìwé ẹ̀rí tó sọ pé ìbéèrè yín ti dé, tó ní ọjọ́ lórí, ti di ohun iyebíye. Òfin fún un ní agbára, agbára náà sì ní ìwọ̀n:

Ìfikún ọjọ́ H-1B tàbí O-1 lọ́dọ̀ agbanisíṣẹ́ kan náà: tó bá dé ọwọ́ USCIS kí I-94 tó pé, ẹ lè máa ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 240 lẹ́yìn ọjọ́ I-94. Tí I-94 yín bá parí ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà 2026, ọjọ́ 240 yẹn yóò pé ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì 2027. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ká ọwọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ bí ìdáhùn kò bá tíì dé. Fún H-1B, oṣù mẹ́fà ṣáájú ni àyè fífi ìwé ránṣẹ́ máa ń ṣí. Àwọn kan ń sọ pé kẹ́ ẹ fi í ránṣẹ́ lọ́jọ́ kìn-ín-ní tí àyè bá ṣí, àwọn mìíràn ní kẹ́ ẹ dúró di òpin torí ọjọ́ 240 kò ní bẹ̀rẹ̀ ṣáájú. Ní tèmi, ẹ fi ránṣẹ́ ní kùtùkùtù. Ọjọ́ I-94 ni ìṣirò ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ìwé dé, nítorí náà ẹ kò pàdánù ohunkóhun. Ìdúró di òpin ló máa ń jẹ́ kí àpò ìwé pẹ́ lọ́nà, kí gbogbo rẹ̀ sì wó.

STEM OPT oṣù 24 (àfikún fún ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì lórí OPT, àṣẹ iṣẹ́ tí ẹni F-1 ń gbà lẹ́yìn ẹ̀kọ́): tí ìbéèrè bá dé kí káàdì OPT tó kú, iṣẹ́ ń tẹ̀ síwájú fún ọjọ́ 180. Ọjọ́ 90 ṣáájú ni àyè ń ṣí.

OPT àkọ́kọ́ ló le jù. Kò sí àfikún ọjọ́ fún un rárá. Láìsí káàdì lọ́wọ́, ẹ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́, ọjọ́ kan ṣoṣo pàápàá. Ẹ lè dúró sí ìlú nígbà tí ìbéèrè wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n owó oṣù kò sí. Nítorí náà, kí ẹni tó ń múra láti gba PhD rẹ̀ tó fi ìwé àpilẹ̀kọ sílẹ̀, kó jókòó pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀ àti ọ́físì àwọn àjèjì. Tí iṣẹ́ ìwádìí bá ṣì kù lóòótọ́, tí ìdí tó jẹ mọ́ ẹ̀kọ́ sì wà, yunifásítì lè fi ọjọ́ kún I-20 kí ọjọ́ orí rẹ̀ tó pé, owó olùrànlọ́wọ́ ìwádìí á sì máa wọlé. Tí wọ́n bá ti kéde pé ẹ ti parí, ilẹ̀kùn yẹn ti tì.

Akọ̀wé Ọ́físì Àwọn Àjèjì kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, Lọ́yà. Ẹ jẹ́ kí n fi ti owó dọ́là 100,000 tí wọ́n gbé lé H-1B kún un, nítorí ẹ̀rù ọ̀rọ̀ náà ń ba ọ̀pọ̀ tí kò kàn rárá, àwọn tó sì kàn kò mọ̀.

Ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án 2025 ni wọ́n fọwọ́ sí i, ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 21. Ìbéèrè H-1B tuntun fún ẹni tó wà lẹ́yìn odi ni owó náà wà lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, USCIS ṣàlàyé pé kò kan ẹni tó wà nínú Amẹ́ríkà tó ń yí ipò, tó ń fi ọjọ́ kún, tàbí tó ń yí agbanisíṣẹ́, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá gbà pé ó yẹ fún un. Àwọn yunifásítì kò sí nínú tẹ́tẹ́ àyè H-1B 85,000 tí àwọn iléeṣẹ́ ń ta lọ́dọọdún, nítorí náà ọ̀pọ̀ rò pé owó yìí náà kò kan wọn. Ó kàn wọ́n. Kò sì sí láàbù púpọ̀ tó lè san ju owó oṣù postdoc (olùwádìí tó ti gba PhD) kan fún ọdún kan kó tó rí ojú ẹni tó gbà.

Ibi tí ọ̀fìn wà: ẹni tó wà lórí F-1 tí yunifásítì béèrè pé kí wọ́n yí i sí H-1B. Tó bá jáde kúrò ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, USCIS yóò gbà pé ó ti pa ìyípadà ipò náà tì. Ìbéèrè náà á di ti ẹni tó wà lẹ́yìn odi, owó 100,000 á sì wọlé. Ìrìn àjò ọjọ́ mẹ́rin lè fa ìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri láàbù.

Onísirò Owó Ìwádìí kọ:

Gbogbo ohun tí àwọn ẹ̀gbọ́n sọ lókè jẹ́ ti ìwé àṣẹ. Ìdajì kejì wà nínú àpò ẹni tó ń sanwó, ibẹ̀ ni ìṣèlú sì kọ́kọ́ ń fọwọ́ bà.

Ọ̀pọ̀ olùwádìí àjèjì ni kò mọ owó tó ń bọ́ wọn. Ẹ̀bùn owó F31, F32 àti T32 ti NIH (àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń sanwó ìwádìí ìlera), pẹ̀lú GRFP ti NSF (àjọ irú rẹ̀ fún sáyẹ́ǹsì), ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ẹni tó ní káàdì ìgbélùú nìkan ni wọ́n wà fún. Àjèjì tí kò ní káàdì ń jẹun lára owó ọ̀gá rẹ̀, R01 tàbí irú rẹ̀. Tí wọ́n bá fagi lé owó yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ tó ní F31 ṣì ní owó tirẹ̀, postdoc àjèjì kò ní nǹkan. Ohun tó fà á tó fi jẹ́ pé àwọn àjèjì ló máa ń kọ́kọ́ lọ nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kórìíra wọn.

Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá: ẹ ṣí ojúewé NIH RePORTER, gbogbo ayé ló lè wò ó. Ẹ tẹ orúkọ ọ̀gá láàbù. Ẹ tẹ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó jáde, ẹ wo ọjọ́ méjì: "Budget End" àti "Project End". "Project End" ni òpin gbogbo iṣẹ́ náà. "Budget End" ni òpin owó ọdún yìí. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ owó ọdún tó ń bọ̀ di tuntun ni ìjọba ti ń rí àyè dá a dúró. Tí "Budget End" bá ku oṣù mẹ́ta, ẹ lọ bá ọ̀gá, kẹ́ ẹ fọ̀wọ̀ béèrè: nọ́ńbà owó wo ni wọ́n fi ń san owó oṣù mi? Ṣé òmíràn wà tí wọ́n lè gbé mi sí? Ṣé yunifásítì ní owó àfara, tó ń gbéni ró títí òmíràn yóò fi dé? Kò sí àbùkù níbẹ̀. Ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ á ti máa ro ó kẹ́ ẹ tó béèrè.

Ẹ rántí pé yunifásítì ló ni owó náà lábẹ́ òfin, kì í ṣe ọ̀gá. Yunifásítì ló ní ẹ̀tọ́ láti bẹ̀bẹ̀ tí wọ́n bá fagi lé e, òun náà ló sì lè pinnu láti gbé yín ró fún oṣù díẹ̀.

K99/R00, ẹ̀bùn owó NIH fún postdoc, ṣí sílẹ̀ fún àjèjì, láàárín ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ lẹ́nu postdoc. Ẹni tó bá rí i gbà ní owó tó ń tẹ̀ lé e lọ sí yunifásítì tó bá gbà á síṣẹ́. Mi ò rí ìdí tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa fi ń jẹ́ kí ọdún mẹ́rin yẹn kọjá.

Sí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé: láti ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún 2025 ni NIH ti dá owó tuntun tó ń gba ọwọ́ yunifásítì Amẹ́ríkà dé ọ̀dọ̀ alábàáṣiṣẹ́ ní òkè òkun dúró, kí wọ́n lè yí ìlànà rẹ̀. Láàbù ní Ìbàdàn, Ifẹ̀ tàbí Èkó tó ń gba owó lọ́nà yẹn gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ alábàáṣiṣẹ́ òkèèrè bóyá nọ́ńbà owó ti láàbù náà fúnra rẹ̀ ni wọn yóò lò, kí wọ́n sì rí i pé ìforúkọsílẹ̀ wọn ní SAM.gov, ìwé orúkọ àwọn tó ń gba owó ìjọba Amẹ́ríkà, kò tíì kú. Ọdọọdún ni wọ́n ń sọ ọ́ dọ̀tun.

Àbúrò Tuntun kọ:

Ẹ jọ̀ọ́, tí lẹ́tà ìdánidúró bá ti dé ńkọ́? Àwọn kan ní kí èèyàn dákẹ́ jẹ́ẹ́, kó máa gbé lọ.

Lọ́yà Ọ̀rọ̀ Ìwé Àṣẹ kọ:

Rárá o, àbúrò. Ẹni tó ní ọjọ́ gan-an lórí I-94 tó sì fi ju ọjọ́ 180 lọ kọjá rẹ̀, tó bá jáde, ọdún mẹ́ta ni kò ní lè padà. Tó bá pé ọdún kan, ọdún mẹ́wàá. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà kan: ọjọ́ 21 oṣù Kejì 2020 ni wọ́n ti físà ìṣelé mọ́ ọmọ Nàìjíríà, ọjọ́ 20 oṣù Kìíní 2021 ni ààrẹ tuntun ṣí i. Kò pé ọdún kan. Ọ̀nà tún ṣí fún ẹni tí ìwé rẹ̀ mọ́, ẹni tó ti bà á jẹ́ kò rí àǹfààní rẹ̀.

H-1B àti O-1 ní ọjọ́ 60, tàbí títí I-94 yóò fi pé, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ọjọ́ iṣẹ́ ìkẹyìn tí wọ́n san owó oṣù yín fún ni ìṣirò ti ń bẹ̀rẹ̀. Owó ìdágbére kò fi kún un. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ti ọjọ́ ìkẹyìn síwájú, kódà pẹ̀lú iṣẹ́ àkókò díẹ̀ tí wọ́n bá lè tún ìwé rẹ̀ ṣe. Oṣù kan níbẹ̀ dára ju owó ìdágbére oṣù méjì lọ. Tẹ́ ẹ bá wà lórí H-1B, láàárín ọjọ́ 60, tí yunifásítì mìíràn bá fi ìbéèrè H-1B ránṣẹ́ fún yín, ọjọ́ tó bá ti dé ọwọ́ USCIS lẹ lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, ẹ kò ní dúró de ìdáhùn. Ohun tó ṣe pàtàkì jù nìyẹn lásìkò tí ìdáhùn kì í wá yìí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìwé ní yunifásítì ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí náà ọjọ́ 60 kì í ṣe ọjọ́ 60. Ẹni tí kò bá ní ìlérí iṣẹ́ lọ́wọ́ ní ọjọ́ 25, kó ti máa múra ìlú mìíràn. Tó bá sì jẹ́ àwọn ló dá yín dúró kí àkókò tó pé, àwọn ló gbọ́dọ̀ san owó ọkọ̀ yín padà sílé, òfin sọ bẹ́ẹ̀.

J-1 kò ní ọjọ́ 60. Ọjọ́ 30 lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí dáadáa ni. Kí wọ́n tó gé DS-2019 yín, ẹ wá láàbù tí yóò gbà yín, kí wọ́n gbé yín kọjá sí yunifásítì náà. Àpapọ̀ ọdún márùn-ún ni olùwádìí lè lò, tẹ́ ẹ bá sì jẹ́ kó tì, oṣù 24 ló máa kọjá kẹ́ ẹ tó lè tún bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀.

OPT ní ọjọ́ 90 láìsí iṣẹ́. Àwọn èèyàn kì í mọ èyí: lórí OPT àkọ́kọ́, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ nínú láàbù tó bá ẹ̀kọ́ yín mu, ó kéré tán wákàtí 20 lọ́sẹ̀, ń dá ìkà ọjọ́ náà dúró. Ẹ gba lẹ́tà, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí SEVP Portal (ojúewé ìjọba fún àwọn tó wà lórí OPT) láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Lórí STEM OPT, ọ̀fẹ́ kò ṣiṣẹ́; wọ́n gbọ́dọ̀ sanwó.

Àgbà Postdoc kọ:

Ọ̀rọ̀ àpótí ìrìn àjò. Ní oṣù Kejì 2025, ní pápákọ̀ òfurufú Boston, wọ́n fagi lé físà onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Rọ́ṣíà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Harvard nítorí ọlẹ̀ àkèré tó gbé wá láti Faransé láìkéde rẹ̀. Títí di oṣù Kẹfà ló fi wà látìmọ́lé. Ohun tí ì bá jẹ́ owó ìtanràn lásán ló di ọ̀rọ̀ ìgbélùú. Ẹ má gbé ọ̀rá, omi, ẹ̀jẹ̀, bébà tí wọ́n kán DNA sí, ohunkóhun, lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí yunifásítì méjèèjì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, kí iléeṣẹ́ akẹ́rù gbé e. Plasmid (òrùka DNA kékeré) tẹ́ ẹ ṣe, ẹ bẹ ọ̀gá kí wọ́n fi sí Addgene, ibi ìpamọ́ irú rẹ̀, kẹ́ ẹ tó lọ. Ibikíbi tẹ́ ẹ bá wà lẹ ti lè béèrè rẹ̀.

Ìwé àkọsílẹ̀ láàbù jẹ́ ti yunifásítì. Ẹ má dà á kọ sínú fáìlì tara yín lóru ọjọ́ ìkẹyìn. Ẹ̀sùn olè lè ti ibẹ̀ yọ. Ẹ gba àṣẹ nínú ímeèlì, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ mú, kí ọ̀gá dáhùn pé ó gbà. Kóòdù tí wọ́n bá gbà kẹ́ ẹ gbé síta, ẹ fi sí Zenodo, ibi ìpamọ́ iṣẹ́ ìwádìí lórí ayélujára, kó ní nọ́ńbà tirẹ̀. ORCID, nọ́ńbà ìdánimọ̀ olùwádìí, kẹ́ ẹ so mọ́ ímeèlì ara yín, torí ti yunifásítì máa ń kú lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá lọ, ọ̀rọ̀ aṣínà á sì bá a lọ.

Ẹ̀gbọ́n Sheffield kọ:

Ìlú Ọba náà ń yí, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tí àwọn ọmọ wa ní Amẹ́ríkà kì í wò: físà Global Talent, ti ẹni tó tayọ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Kò so yín mọ́ agbanisíṣẹ́ kankan. Tí owó láàbù bá tán lórí Skilled Worker, físà tó so yín mọ́ agbanisíṣẹ́, agbanisíṣẹ́ á sọ fún ìjọba, wọ́n á sì gé ìwé yín kù sí ọjọ́ 60. Lórí Global Talent, iṣẹ́ tán ni, ìwé kò tán. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2026, owó rẹ̀ jẹ́ £766, pẹ̀lú £1,035 fún ìtọ́jú ìlera lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Fún ọdún mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ jẹ́ £3,871, ọdún mẹ́ta náà sì ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi lè béèrè ìgbélùú pátápátá. Royal Society, Royal Academy of Engineering, British Academy àti UKRI (àjọ owó ìwádìí ìjọba Ìlú Ọba) ló ń fọwọ́ sí i. Ti UKRI ló rọrùn jù fún postdoc: yunifásítì tó wà lórí ìwé wọn ló gbọ́dọ̀ gbà yín, kí owó iṣẹ́ náà sì wá láti ọ̀dọ̀ olówó ìwádìí tí wọ́n mọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ́físì òṣìṣẹ́ ní yunifásítì náà, "ṣé iṣẹ́ yìí yẹ fún Global Talent nípasẹ̀ UKRI?" Ọ̀pọ̀ wọn kò ní sọ ọ́ fúnra wọn, Skilled Worker ni ọwọ́ wọn ti mọ́.

Ohun mẹ́ta tó ń dá ìwé dúró. Ẹ̀kíní, ATAS, ìwé àṣẹ ààbò ìjọba: ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gbà á fún àwọn ẹ̀kọ́ tí wọ́n kà sí ẹlẹgẹ́. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó lè gba ọjọ́ iṣẹ́ 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èkejì, àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ: ẹni tó ń béèrè láti Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ṣe é, ẹni tó ti gbé Amẹ́ríkà fún oṣù mẹ́fà kò nílò rẹ̀. Ẹ̀kẹta, owó oṣù: láti ọjọ́ 22 oṣù Keje 2025, Skilled Worker ti di £41,700. Ẹni tó ní PhD sáyẹ́ǹsì tó bá iṣẹ́ mu lè wọlé pẹ̀lú £33,400, tí owó náà bá tún bá òṣùwọ̀n iṣẹ́ náà mu. Tí wọn kò bá kọ ọ́ sínú ìwé pé PhD lẹ fi ń béèrè, òṣùwọ̀n gíga ni wọ́n á lò, wọ́n á sì kọ̀ yín.

Akẹ́kọ̀ọ́ PhD ṣì lè mú ọkọ, aya àtọmọ wá. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2024 ni àwọn tó ń ṣe Másítà lásán kò ti lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ Yúróòpù: Ìlú Ọba padà sínú Horizon Europe, ètò owó ìwádìí Yúróòpù, ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2024. Ṣáájú rẹ̀, ní 2022, àwọn tó gba owó ERC (ìgbìmọ̀ ìwádìí Yúróòpù) ní láti yàn bóyá kí wọ́n kó lọ sí Yúróòpù tàbí kí wọ́n pàdánù rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa ka ìlà tó sọ ibi tí owó lè tẹ̀ lé yín dé. Jámánì sì ní ohun kan tó dára: olùwádìí tí iṣẹ́ rẹ̀ parí níbẹ̀ ní oṣù mẹ́sàn-án láti wá òmíràn. Ẹ fi wé ọjọ́ 60.

Ọmọ Láàbù kọ:

Ẹ ṣeun, ẹ ò ní ṣiṣẹ́ àṣedànù. Ìwé wo gan-an ló yẹ kó wà nílẹ̀ báyìí, kí lẹ́tà kankan tó dé?

Akọ̀wé Ọ́físì Àwọn Àjèjì kọ:

Gbogbo I-20 àti DS-2019 tẹ́ ẹ ti gbà rí, kì í ṣe tuntun nìkan. Gbogbo I-797. I-94, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde lẹ́yìn ìrìn àjò kọ̀ọ̀kan. Ìwé owó oṣù méjìlá tó kọjá, W-2 (ìwé owó iṣẹ́ àti owó orí) ọdọọdún. Lẹ́tà iṣẹ́ láti ọ́físì òṣìṣẹ́, tó sọ ipò, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, wákàtí lọ́sẹ̀, owó oṣù àti ohun tẹ́ ẹ ń ṣe gan-an. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi béèrè ìgbélùú ní Kánádà, wọ́n á kọ èyí tí kò bá ní iṣẹ́ àti wákàtí nínú. Ẹ gbà á nígbà tí ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, torí ẹni tó máa fọwọ́ sí i náà lè ti lọ.

Transcript láti Nàìjíríà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè nínú gbogbo wọn, òun ló ń pẹ́ jù. Ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ tààrà sí iléeṣẹ́ tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí wò, kẹ́ ẹ sì rán ẹnìkan tó mọ ọ́físì náà kó lọ dúró tì í lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá kó ilé, ẹ fi AR-11 (ìwé ìyípadà àdírẹ́sì) ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Ní oṣù Kẹrin 2025 tí wọ́n fagi lé àkọsílẹ̀ SEVIS (ìwé orúkọ ìjọba fún akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì) ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́, ímeèlì láti ọ́físì yunifásítì ni ọ̀pọ̀ fi mọ̀. Wọ́n dá a padà ní ọjọ́ 25 oṣù náà lẹ́yìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sílé ẹjọ́. Ẹ rí i pé nọ́ńbà fóònù yín tó wà lọ́wọ́ wa ṣì ń ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ sì máa ṣí ímeèlì yunifásítì lójoojúmọ́, ọjọ́ ìsinmi pẹ̀lú.

Àbúrò Tuntun kọ:

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí I-94 báyìí. D/S ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ṣi orúkọ àárín kọ.

Akọ̀wé Ọ́físì Àwọn Àjèjì kọ:

Àṣìṣe ẹnubodè nìyẹn, wọ́n lè tún un ṣe. Ẹ wá ọ́físì CBP (àjọ ẹnubodè) tí wọ́n ń pè ní Deferred Inspection tó sún mọ́ yín jù, àwọn kan ń gbà á nínú ímeèlì. Ẹ fi ojúewé pásípọ́ọ̀tù tó ní fọ́tò, físà, òǹtẹ̀ ìwọlé àti I-20 ránṣẹ́. Ẹ ṣe é lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ tó fi ìbéèrè OPT ránṣẹ́, kí orúkọ méjèèjì lè bára mu.